Àyẹ̀wò Ọdún: Ohun tí Ọ̀gá Kò Rí Lára Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ló gba gbogbo iṣẹ́ mi lọ́dún yìí, òun náà ni pé nílẹ̀ wa níbí, ọ̀wọ̀ tí a ní fún ọ̀gá gan-an ni kì í sábà jẹ́ kí ọ̀gá mọ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ kóòṣì ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, bí kò ṣe ti àwọn tó ń darí ènìyàn: ọ̀gá ilé-ìwé, olórí ẹ̀ka ní ọ́fíìsì, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní ọmọṣẹ́ lábẹ́. Ìbéèrè ni irinṣẹ́ wa, a kì í pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá bá mi ló gbà pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ara rẹ̀, kí ó dá jókòó, kí ó ronú jinlẹ̀, ó parí. Ríronú dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀, àmọ́ ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni.

Ní 1955, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Luft àti Harrington Ingham, gbé àwòrán fèrèsé olójú mẹ́rin kan jáde: ohun tí èmi àti àwọn ẹlòmíràn jọ mọ̀ nípa mi, ohun tí mo mọ̀ tí mo fi pamọ́, ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí lára mi tí èmi kò rí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo bá jà látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Bí ipò ènìyàn bá ṣe ń ga sí i ló ń fẹ̀ sí i, nítorí àwọn tó rí ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́nu láti sọ ọ́.

Obìnrin aránṣọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ti fún mi láyè láti kọ nípa òun láìdárúkọ. Láràárọ̀ ni ó máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jọ yí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ká, á ṣàlàyé iṣẹ́ ọjọ́ náà, á wá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á sì dáhùn pọ̀ pé, "Ó yé wa, mà." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa ìbéèrè yẹn tì, kí ó gbé téèpù lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, kí ó ní, "Fi bí o ṣe máa gé e hàn mí," kí ó sì dákẹ́. Ọmọbìnrin tó gba téèpù wọn ejìká búbà náà, ó wọn gígùn rẹ̀, ó wá dúró. Ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, ẹ ò tíì sọ iye tí ọwọ́ máa jẹ́." Ìyá náà yíjú sí mi, ó dá a lójú pé òun ti sọ ọ́. Àwọn yòókù ló jẹ́rìí pé kò sọ ọ́, wọ́n sì fi kún un pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀, pé àwọn kàn máa ń méfò ni.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Kò bá ọmọ náà wí, kò sì ṣàwíjàre. Ó ní, "O ṣé," ó sì kọ ìwọ̀n ọwọ́ náà sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, kò sí ẹni tí yóò tún lanu nínú wọn.

Àwọn kan ní kí a pa ọ̀wọ̀ tì, kí ọmọṣẹ́ máa fi orúkọ pe ọ̀gá bí wọ́n ti ń ṣe nílùú òyìnbó. N kò gbà. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba tí a sì ń sọ òótọ́ fún un. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ló ń gba Aláàfin nímọ̀ràn, wọ́n sì lágbára láti kọ̀ fún un. Ipò ni àwọn baba wa sọ sísọ òótọ́ fún ọba dà. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún ìgboyà ẹnì kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn olórí ẹ̀ka pé nínú ìpàdé, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ní ti ohùn tí wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra wọn. Àwọn kan pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ bí ohùn wọn ti le tó.

Lọ́dún tó ń bọ̀, n kò ní máa bá ọ̀gá nìkan jókòó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ṣiṣẹ́ yóò gbà kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a sì fẹnu kò lórí ohun tí mo lè mú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì wá kóòṣì mìíràn. Aránṣọ náà ti gbà ní tirẹ̀. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, tí iṣẹ́ ọdún bá ti rọlẹ̀, ni a ó bẹ̀rẹ̀.