Ọjọ́ Márùn-ún Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun, àti Ohun Tí "Ṣíkọ̀" Túmọ̀ Sí

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé "mo ti ṣíkọ̀". Mo máa ń sọ ọ́ nínú mọ́tò, mo máa ń sọ ọ́ tí bàálù bá fẹ́ gbéra, mo sì máa ń fi í ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹni tó bá ń retí mi. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ náà rí, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo dúró níwájú ọkọ̀ ìgbòkun kan, tí okùn tó kẹ́yìn nínú èyí tó so wá mọ́ èbúté wà lọ́wọ́ mi, tí ọ̀gá ọkọ̀ sì ní kí n fà á wọlé. Mo fà á. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, bíi pé òun ló ń lọ, tí àwa sì dúró sójú kan. Mítà kan, mítà mẹ́ta, mítà mẹ́wàá. Kò sí ohunkóhun tó dè wá mọ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ti ṣí nídìí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 10, àwa akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ mẹ́rin, ọ̀gá wa sì jẹ́ ìyá àgbà kan tí kì í gbóhùn sókè àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá le. Mo ti rò pé bí wọ́n ṣe ń ta kókó la máa kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ la kọ́kọ́ kọ́. Odindi wákàtí mẹ́ta kí n tó fa okùn yẹn wọlé, ọ̀gá ń mú wa rìn láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń dárúkọ rẹ̀, àwa náà ń dárúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun àkọ́kọ́ tó gbà lẹ́nu wa ni òsì àti ọ̀tún. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ wọn lórí ọkọ̀ òun. Bí mo bá kọjú síwájú, tí ẹlòmíràn kọjú sẹ́yìn, ọ̀tún mi ni òsì rẹ̀, tí ọ̀gá bá wá kígbe "ọ̀tún!", ta ló ń bá wí? Nítorí náà, ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tí kì í yí padà. Port ni ẹ̀gbẹ́ tó bọ́ sí òsì ẹni tó kọjú sí iwájú ọkọ̀, starboard sì ni ìkejì. Láyé àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù, kí wọ́n tó máa de ìtọ́kọ̀ mọ́ àárín ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ ńlá kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún "ẹ̀gbẹ́ ìdarí" sì ni starboard ti jáde. Kí àjẹ̀ yẹn má baà fún mọ́ èbúté, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n fi ń sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì yìí ń jẹ́ larboard nígbà kan rí. Ẹ pe méjèèjì pọ̀, larboard, starboard, kí ẹ wá fojú inú wo ìjì tó ń ké, àti ẹni tó gbọ́ ọ̀kan fún èkejì. Lọ́dún 1844, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ wọn pa larboard tì, kí wọ́n máa sọ port. Inú mi dùn sí ìtàn yìí. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan run kí ẹ̀mí má baà ṣòfò.

Lálẹ́, iná pupa máa ń tàn ní port, iná àwọ̀ ewé ní starboard, funfun sì ń tàn ní ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pa pọ̀ nínú òkùnkùn mọ̀ pé ọkọ̀ kan doju kọ òun gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi sọ wọ́n ní Ẹ̀gbẹ́ Pupa àti Ẹ̀gbẹ́ Ewé lọ́jọ́ yẹn kan náà, mi ò sì ṣì wọ́n pè mọ́ láti ìgbà náà.

Wàhálà tèmi wà nídìí okùn. Okùn kún ọkọ̀ náà bí iṣan ṣe kún ara, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "fa okùn yẹn". Orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ṣàdédé le sí i, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan débi pé omi ń gorí ọkọ̀. Ọ̀gá kígbe pé kí n tú sheet. Mo gbójú sókè wo ìgbòkun. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́, aṣọ ni sheet, aṣọ tó wà níwájú mi sì ni ìgbòkun. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń tú aṣọ, ọkọ̀ ń fì, ìgbì ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kọjá àyà mi, wọ́n sì tú okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi gan-an. Ìgbòkun gbọn pìtìpìtì, ọkọ̀ sì nàró padà. Okùn ni sheet. Okùn tí a fi ń fa ìgbòkun mọ́ra tàbí tí a fi ń dẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ò kúrò lára mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lálẹ́, a jókòó nínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ ọkọ̀.

"Àbúrò mi, kí ni a fi ń dá ẹṣin dúró?" ni wọ́n bi mí.

"Ìjánu ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tí o bá fà á ńkọ́?"

"Ẹṣin á gbọ́ràn."

"Tí o bá dẹ̀ ẹ́?"

"Á lọ bó ṣe wù ú."

"Ìjánu ni sheet. Afẹ́fẹ́ ni ẹṣin."

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, tí ọ̀gá bá ti pe sheet, ìjánu ni mò ń gbọ́, ọwọ́ mi á sì ti dé ibẹ̀. Halyard, okùn tó ń fa ìgbòkun gòkè òpó, la sọ ní Ìfàsókè. Èdè wa ti ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a nílò, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń darí ọkọ̀ ni ìtọ́kọ̀, "tọ́" inú rẹ̀ sì ni ti ọmọ títọ́: díẹ̀díẹ̀, láìfi agbára fà á. Ẹni tó bá fi ipá yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ á kọ̀ fún un, ìyára rẹ̀ á sì kú. Tí a bá ní ọkọ̀ gúnlẹ̀, imú rẹ̀ ló gún ilẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn tí à ń fà, òkun tó gbé wa, àti okun tó ń tán lọ lápá wa: ohùn nìkan ló yà wọ́n lẹ́nu wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú ọkọ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù lọ lójoojúmọ́ ni ìgbà tí ọ̀gá bá pa ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì la fi ń jáde ní èbúté nítorí pé ibẹ̀ há. Tí a bá ti dé gbangba, a ó ta ìgbòkun, a ó dúró kí afẹ́fẹ́ fi kún un, ọ̀gá á sì tẹ bọ́tìnì. Ariwo á dákẹ́. Èèyàn á kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ti dúró. Lẹ́yìn náà ni á gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á rí i pé à ń lọ, pé kò sí ohun tó ń gbé wa àfi afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé fojú rí.

Mo ti rò pé ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà kó tó lè gbé ọkọ̀. Irọ́ ni. Ọkọ̀ ìgbòkun lè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, tí kò bá ṣáà ti kọjú sí i tààrà. Afẹ́fẹ́ tó bá ń yí lọ lára ìgbòkun á máa fa ọkọ̀ síwájú àti sí ẹ̀gbẹ́; egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó gùn wọ inú omi ò ní jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá ta síwájú, bí kóró èso tútù ṣe ń ta jáde láàárín ìka méjì. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìwọ̀n digírì 45 lápá méjèèjì ojú afẹ́fẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Ọkọ̀ tó bá wọ ibẹ̀, ìgbòkun rẹ̀ á gbọn, á sì dúró. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ: a ó lọ sápá kan, a ó yí iwájú ọkọ̀ gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, a ó lọ sápá kejì. Tack ni wọ́n ń pe ìyípadà yìí. Ọ̀gá á bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti múra?" Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn. Kò ní yí ọkọ̀ tí ẹnì kan bá dákẹ́.

Gybe ni èkejì, nígbà tó bá jẹ́ ìdí ọkọ̀ ló gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá. Òun ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù, nítorí pé igi tó na ìsàlẹ̀ ìgbòkun lè gbá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lókè orí wa. Boom ni igi yìí ń jẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Netherlands. Igi náà ló sì túmọ̀ sí lédè tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí mo kígbe "Igi!" sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kẹta, tí wọ́n sì tẹ̀ lọ́gán, mi ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nǹkan míì.

Knot ni wọ́n fi ń ka ìyára. Kókó ni, kókó gidi. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ máa ń ju pátákó kan sí omi, okùn tí wọ́n ta kókó sí, tí nǹkan bí mítà 14 sì wà láàárín kókó kan sí èkejì, á máa tú tẹ̀ lé e, wọ́n á sì ka iye kókó tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá kí yanrìn inú dígí tó tán, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28. Lónìí, knot kan jẹ́ mítà 1,852 ní wákàtí kan. Márùn-ún la sábà máa ń ṣe. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà tara ìgbòkun wá: Francis Beaufort, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, fi iye ìgbòkun tí ọkọ̀ ogun lè ta ṣàpèjúwe rẹ̀. Ní 0, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ní 12, kò sí ìgbòkun tó lè dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, a wọ ibi tí ilẹ̀ ti ṣíji bo omi lẹ́yìn erékùṣù kan. Ọ̀gá ní kí èmi sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀. Mo ti rò pé ìwúwo rẹ̀ ló ń di ọkọ̀ mú. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ wa ara rẹ̀ bọlẹ̀, kò sì ní wà bọlẹ̀ àyàfi tí ẹ̀wọ̀n bá gùn tó láti fà á ní ìdùbúlẹ̀. Omi jìn ní mítà 5 níbẹ̀. Mítà 25 ẹ̀wọ̀n la tú sílẹ̀. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n nà, ó le, ọkọ̀ sì rọra yí ojú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Ọ̀gá ní kí n wá ohun méjì ní etíkun tí ọ̀kan wà níwájú èkejì. Tí wọ́n bá ya ara wọn, a ti ń sún lọ nìyẹn. Mo mú igi kan tó dúró síwájú àpáta funfun kan. Mi ò sùn dáadáa. Ní aago méjì òru, mo gun òkè wá nínú òtútù, òṣùpá ti yọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n fi aṣọ bora.

"Ó ṣì ró," ni wọ́n wí.

Mo wo etíkun. Igi náà ṣì wà níwájú àpáta.