Ẹ ka oògùn tó wà nínú agolo màmá yín

Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka hóró tó kù lọ́wọ́ wọn lónìí. Èmi ò kà á.

Ìbàdàn ni màmá mi wà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, oṣooṣù ni mo ń fowó ẹ̀ ránṣẹ́, mo gbà pé mo ti ṣe tèmi. Ìgbà tó di 2023 tí náírà já wálẹ̀, tí GSK, iléeṣẹ́ apoògùn ilẹ̀ òkèèrè yẹn, náà ní àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, oògùn wọ́n gógó, àmọ́ iye tí mo ń fi ránṣẹ́ ò kúrò lójú kan, màmá ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí pé ẹnu màmá ti yí, ọwọ́ òsì ò ṣe é gbé. Ìgbà tí mo lọ kó aṣọ wọn nílé ni mo rí agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó oògùn sí, hóró tí wọ́n ti fi abẹ gé sí méjì ló kún ibẹ̀, òmíì ti rún. Wọ́n ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ àwọn nìkan làwọn máa ń lò ó kó lè tó oṣù, pé ìyókù owó yẹn, àwọn fi kún owó ilé ìwé ọmọ àbúrò mi. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de orí fífọ́ o. Owó tá a san lọ́sibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó ju owó oògùn ọdún méjì lọ.

Ní báyìí, mi ò fowó oògùn ránṣẹ́ sí màmá mọ́, fámásì ni mo ń san án fún, wọ́n á gbé e lọ bá wọn nílé. Mo sì là á mọ́lẹ̀ fún dókítà pé agbára wa ò ká owó oògùn yìí mọ́, ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kíá ló kọ amlodipine, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ti iléeṣẹ́ míì, oògùn kan náà ni, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀, owó ẹ̀ ò tó ìdajì. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ ẹ̀ o, ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀.

Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìnṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, OYSHIA l'Ọ́yọ̀ọ́, Ilera Eko l'Ékòó, òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò tíì ṣe é. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n máa ń fúnni, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà yìí náà ló ń ba kídìnrín jẹ́. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ já owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ti bàjẹ́ (dialysis) wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 lẹ́ẹ̀kan láwọn ọsibítù wọn kan, inú mi dùn sí i gan-an, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kéèyàn fọ̀ ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti di 72,000, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, 70,000 ni.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ti wà lórí tábìlì màmá báyìí. Ọmọ àbúrò mi yẹn ló ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú ìwé láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Tàná, 134/82.