Níbo ni wọ́n ti bí bàbá wa Òjó? Ìrìnàjò láti Olówógbówó dé Hastings

Ìdílé Sàró ni wá, ọmọ Olówógbówó l'Ékòó. Baba ńlá wa Òjó ló tẹ̀ wá dó síbẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó gbà á lójú òkun, ó sì dàgbà ní Freetown, ní Sierra Leone, kó tó padà wálé. Títí dé ibẹ̀, ẹnu gbogbo wa kò. Ìlú tí wọ́n ti bí i àti ọdún tí wọ́n bí i ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Bíbélì ńlá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé Ọ̀yọ́ ni, ní 1810. Ìwé ìrántí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún ikú rẹ̀ sọ pé Abẹ́òkúta ni, ní 1821. Ọ̀rọ̀ ojú ibojì rẹ̀ kò dárúkọ ìlú kankan: ó kú ní 1889, ẹni ọdún 68. Oríkì tí àwọn ìyá wa fi ń kí wa láàárọ̀ ní tirẹ̀ ní ọmọ Ìkòyí ni wá, Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe ti Èkó. Níbi ìpàdé ìdílé, bí ẹni kan bá ti mú Bíbélì jáde, ẹlòmíràn á mú ìwé ìrántí jáde, kálukú á sì máa pariwo pé ìwé kì í parọ́. Mo pinnu pé màá tọ ipasẹ̀ bàbá yìí lọ.

Èkó ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìtẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ àwọn èèkàn Sàró ìgbà náà sí. Wọ́n wó ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1973. Ó ń dùn mí dọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gba àdúgbò yẹn kọjá, nítorí òkúta wọ̀nyẹn ni ìwé àwọn tí kò ní ìwé mìíràn. Ohun tó kù fún wa ni ìwé kékeré kan tí bàbá àgbà kan nínú ìdílé fi pẹ́ńsù da ọ̀rọ̀ ojú òkúta náà kọ sí kí wọ́n tó wó o. Mo fara balẹ̀ kà á, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìrántí. Àṣìṣe kan náà ló wà nínú orúkọ ìyàwó rẹ̀ nínú méjèèjì. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe ìwé ìrántí wo ìwé kékeré yẹn kọ tirẹ̀ ni. Ó yọ 68 kúrò nínú 1889, ó rí 1821, ó sì fi Abẹ́òkúta kún un. Àwa ti ń pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí méjì látọjọ́ yìí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Bíbélì náà kò bọ́. Ojú ewé tí wọ́n kọ ìbí àwọn ọmọ sí gùn, láti 1848 dé 1866, lẹ́yìn náà ó fò sórí ọmọ-ọmọ kan tí wọ́n bí ní 1892. Ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀, tàdáwà kan náà. Bí èèyàn bá ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé, tàdáwà á yàtọ̀ síra, ọwọ́ á máa yí padà. Nítorí náà, lẹ́yìn 1892 ni ẹnì kan jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ti wà nínú sàréè nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè. Mo gbà pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan tó kàwé ni, nítorí òun ni Bíbélì náà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kọrí sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìrántí sọ nípa ìlú yìí kò tiẹ̀ le láti tú. 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú dó sábẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn inú igbó. Ẹni tí wọ́n bí ní 1821 tàbí 1810 kò lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, kò sí ìlú kankan níbẹ̀ tí wọn ì bá bí i sí. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Láti 1839 ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Freetown ti ń wọkọ̀ padà wá sí Badagry, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ wá àwọn ẹbí wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Ajayi Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Abẹ́òkúta ni bàbá wa náà padà sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Ibi tó padà sí ni ìdílé wá sọ di ibi tí wọ́n bí i.

Mo fẹ́ rí ìwé ìgbà tó ń gbé ibẹ̀. Mo lọ sí Aké, sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, mo sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí n tó béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá 1867, nígbà ìfọ́lé, wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Kò sí ìwé ìdílé wa kankan tó dàgbà ju ọdún yẹn lọ tí mo rí.

Ohun tí mo rí ní Abẹ́òkúta sàn ju ìwé lọ. Àdúgbò Ìgbẹ̀ìn ni ìyá àgbà kan wà, ọmọ ìyá àwọn ìyá wa, ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì dùn. Mo dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ta ni bàbá ẹ?" Mo dá a lóhùn. Kò sọ nǹkan mìíràn, oríkì ló bú sẹ́nu:

"Ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́,
Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn,
Iwájú gangan ní í fi gbọgbẹ́."

Gbogbo ara mi ló gbọ̀n. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo bi í pé, "Ìyá, ṣé Ìkòyí ni wọ́n ti bí bàbá wa ni?" Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi. Orílẹ̀ ẹ nìyẹn. Ibi tí wọ́n bí ọ sí, ibi tí ogun bá bàbá ẹ ni." Ó wá ní kí wọ́n gbé àwòrán bàbá wá láti inú yàrá.

N kò mọ̀ pé fọ́tò bàbá wà níbẹ̀. Àwọn ará Èkó kò rí i rí. Àgbàlagbà jókòó lórí àga, ó wọ kóòtù òyìnbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó nàró wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àbàjà òró ni, ìlà tí àwọn Ẹ̀gbá máa ń kọ fọ́mọ wọn láyé ìgbà náà. Ọmọ kékeré ni wọ́n ń kọlà fún, ẹni tó bí i ló sì ń pinnu irú èyí tí wọ́n á kọ. Ìran Ìkòyí ni, láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti di Ẹ̀gbá kí wọ́n tó bí i, nínú ọ̀kan lára àwọn ìlú inú igbó tí ogun tú. Ó dá mi lójú pé ohun tí ọmọ rẹ̀ tó kọ Bíbélì gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni oríkì yìí. Ìkòyí, ọmọ Ọ̀yọ́. Ó kọ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Kò parọ́ o. Ìbéèrè tí ìwé òyìnbó bi í ni kò bá ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu.

Ó wá ku ọdún. Ọ̀rọ̀ ọdún ló gbé mi dé Freetown.

Pápákọ̀ òfurufú Lungi wà ní òdìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn wọ ìlú. Mo dúpẹ́ pé ojú omi ni mo gbà wọ ibẹ̀, nítorí bí òun náà ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Igi òwú ńlá tó wà láàárín ìlú ti wó ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà King's Yard, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sí. Mo fọwọ́ kan òkúta rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò sì tì mí.

Lórí òkè Mount Aureol, nínú ọgbà Fourah Bay College, ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà. Ibẹ̀ ni ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní ìlú London. Ìlà ìlà ni wọ́n kọ ọ́: nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga, àmì ara. Orúkọ ni èèyàn á kọ́kọ́ sáré wò, òun ló sì máa ń tètè ṣini lọ́nà. Ògbufọ̀ á bi ẹni náà, akọ̀wé òyìnbó á kọ ohun tí etí rẹ̀ gbà. Òjó tún wá jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, gbogbo ilé ló ti ń wá. Àwọn tó ṣe ibùdó African Origins lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó orúkọ èèyàn 91,491 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana. Mo ti wá Òjó níbẹ̀ nílé kí n tó wá, oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́ ni mo sì wò.

Ọjọ́ orí náà kò ṣeé gbára lé. Ọmọdé tí kò ka ọdún rí, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ wò ó lójú ni, wọ́n sì fojú bù ú. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fúnra rẹ̀, tí a mọ̀ pé ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1822 ló gúnlẹ̀ sí Freetown, àwọn kan ń kọ 1806 sílẹ̀ fún un, àwọn mìíràn 1809. Ṣùgbọ́n gíga jẹ́ ohun tí wọ́n fi ọ̀pá wọ̀n. Àmì ara sì jẹ́ ohun tí akọ̀wé fojú rí. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń ràn mí lọ́wọ́ pé kí a pa orúkọ àti ọjọ́ orí tì ná, ká wá ìlà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

A rí Òjó méjì tó bá a mu, ọdún 1827 ni àwọn méjèèjì dé. Ọ̀kan, wọ́n pè é ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ga bí àgbà. Èkejì, wọ́n pè é ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì méjì. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ti fi ebi pa láti inú igbó dé etíkun, tí wọ́n tún kó sínú ọkọ̀. Ó lè ti tó ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá kó sì kéré báyẹn. Àgbà yẹn bá 1810 tó wà nínú Bíbélì mu. Ọmọdé yìí sún mọ́ ojú òkúta, kò sì bá a mu tán.

Hastings ló là mí lójú. Abúlé kan nítòsí Freetown tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó padà sí Badagry ti ibẹ̀ jáde. Mo kí ìyá kan níbẹ̀ pé "ẹ kú ilé o," ó rẹ́rìn-ín, ó ní Aku ni àwọn baba ńlá òun, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ó sọ fún mi nípa awujoh, àsè tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn òkú ìdílé, àti egúngún tí wọ́n ń pè ní Ojeh. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ bá dé Freetown, ẹ má fi etíkun nìkan mọ. Ará wa ni wọ́n, wọ́n ń retí wa.

Nínú ìwé ìrìbọmi tí wọ́n fi hàn mí, ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ìdílé wa pátápátá, orúkọ àti àpèlé. Mo ti kà á pé àwọn ọlọ́rẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń san pọ́ùn márùn-ún lọ́dún fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, láti fi tọ́ ọmọ kan, tí wọ́n á sì sọ ọmọ náà ní orúkọ tó wù wọ́n. Orúkọ kan náà lè wà lórí ọmọ púpọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n jẹ́ ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ti ní ìyàwó àti ọmọ nígbà tó ń ṣe ìrìbọmi. Èkejì, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ọmọ ilé ìwé ni. Bàbá wa mọ̀wé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ilẹ̀ Olówógbówó, a ṣì ní i. Àkọ́bí rẹ̀, 1848 ni. Èmi gbà pé ọmọ ilé ìwé yẹn ni, òun náà sì ni Òjó kékeré inú ìwé Freetown, ẹni tí wọ́n bí láàárín 1816 sí 1818.

Nígbà tí mo dé, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìdílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fẹ́ kí a pa 1810 rẹ́. Ó ní ọwọ́ ọmọ bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì sí ẹni nínú wa tó bá bàbá gbé. N kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. A fẹnu kò pé nínú ìwé ìdílé tuntun, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà, a ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹni tó kọ ọ́ àti ìgbà tó kọ ọ́. Abẹ́òkúta máa wà níbi tó yẹ, ìlú tó padà sí. Ìkòyí máa wà lókè, gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀. Àyè ìlú tí wọ́n bí i sí, a kọ "ìlú Ẹ̀gbá inú igbó," a sì fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀.

Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní yunifásítì Birmingham, ìròyìn láti Hastings sì wà nínú wọn. Ibẹ̀ ló kàn mí. Ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín náà da ọ̀rọ̀ ojú ibojì Àjẹ́lẹ̀ kọ sínú ìwé, ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́, ẹ sì ya gbogbo ojú ewé, kì í ṣe ti ìdílé yín nìkan. Ó ṣeé ṣe kí Òjó kejì wà nínú ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ tó ń wá a.