Rédíò bí 800 àti ìbéèrè kan lórí owó

Ilé gogoro kan wà tí wọ́n fi kìkì rédíò kọ́, ó tó 800, wọ́n tò ó léra wọn yíká títí tó fi ga tó nǹkan bíi mítà 5, gbogbo ẹ̀ ló wà ní títàn, kálukú sì ń sọ ti ẹ̀. Babel lorúkọ tí Cildo Meireles, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Brazil, fún un nígbà tó ṣe é ní 2001, Tate Modern, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní London, ló ni ín báyìí. Ẹni tó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì á ti mọ ibi tọ́rọ̀ náà ń lọ.

Inú yàrá tó ṣókùnkùn, tí iná aláwọ̀ búlúù ń tàn díẹ̀díẹ̀, ló wà. Àwọn rédíò gàgàrà ayé àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń gbójú sókè ni wọ́n ń kéré sí i tí wọ́n ń di tòde òní, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Wọn ò yí ohùn èyíkéyìí sókè, ó kàn tó gbọ́ ni, torí náà látòkèèrè ariwo gèè lẹ máa gbọ́, àfi tẹ́ ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọ̀kan ni ẹ tó máa mọ̀ pé ìròyìn lèyí, orin nìyẹn, tọ̀hún ń polówó ọjà, tẹ́ ẹ bá sì tún kúrò níbẹ̀ gbogbo ẹ̀ á tún dà rú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló ń sọ òótọ́, mo wá rí i pé bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ ń sọ òótọ́, mi ò lè gbọ́ ọ.

Àmọ́ àwọn iṣẹ́ tó ṣe ṣáájú ló jẹ́ kí èyí wọ̀ mí lára. Láti 1964 dé 1985 sójà ló ń ṣèjọba Brazil, wọ́n sì fún àwọn oníròyìn lẹ́nu pa. Ní 1970 Meireles á gba òfìfo ìgò Coca-Cola, irú èyí tí wọ́n ń dá padà kí wọ́n lè tún rọ ọ́, á fi ọ̀dà funfun kọ "Yankees go home", ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ máa lọ sílé yín, sí i lára, á dá a padà. Tí ìgò bá ṣófo ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ọ̀rọ̀ náà, tí Coke dúdú bá ti wọnú ẹ̀ báyìí, ó ti hàn kedere.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá 1975, Vladimir Herzog, ọ̀gá àwọn oníròyìn ní TV Cultura ní São Paulo, fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn sójà DOI-CODI, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àwọn sójà, torí wọ́n ní kó wá. Kò jáde láàyè. Wọ́n ní ṣe ló pokùnso, fótò sì jáde síta, wọ́n so ọrùn ẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, ṣùgbọ́n orúnkún ẹ̀ ká, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì kanlẹ̀. Meireles wá gbé òǹtẹ̀ onírọ́bà, ó ń lù ú mọ́ owó bébà: "Quem matou Herzog?", ta ló pa Herzog? Ó sì ń ná an. Ta ló máa rówó kó dáná sun ún torí pé nǹkan wà lára ẹ̀? Ó di 2013 kí wọ́n tó fún ìdílé Herzog ní ìwé ẹ̀rí ikú tuntun tó sọ pé ọgbẹ́ àti ìyà tó jẹ lọ́wọ́ àwọn sójà ló pa á.

Ìdí nìyẹn tínú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ní ẹni tó ń fura síjọba, orí ẹ̀ ò pé. Ìfura loògùn àgbà. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì rìkíṣí tó ń kún orí fóònù wa lójoojúmọ́ ni mi ò lè gbà, torí ìdáhùn ló máa ń gbé wá, wọ́n ti mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kí wọ́n tó wádìí. Meireles ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn béèrè ni, gbogbo ẹni tówó náà sì dé ọwọ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ro ó fúnra ẹ̀. Lójú tèmi, Babel ṣòro jùyẹn lọ, torí kò sẹ́ni tí wọ́n fún lẹ́nu pa níbẹ̀, síbẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo bíi ti Herzog, ibo lẹ ti fẹ́ gbọ́ ọ láàárín rédíò 800?

Iṣẹ́ Meireles kan tún wà ní Inhotim, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Brumadinho ní Brazil, Desvio para o Vermelho (Yíyà sí Pupa) lorúkọ ẹ̀, yàrá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ pupa, láti orí kápẹ́ẹ̀tì dórí fíríìjì. Mi ò tíì débẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ bó ṣe rí lára yín ránṣẹ́ sí mi, pàápàá ìró omi tó ń dà nínú òkùnkùn níkẹyìn.