Ẹ fún aládùúgbò yín ní kọ́kọ́rọ́ kan

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń dá gbé, ẹ lọ gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí ẹ fún aládùúgbò tí ọkàn yín balẹ̀ sí. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ ná.

Ìdájí ni mo dìde láti lọ tọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi bí mo bá ṣàdédé nàró. Táìsì ni ilẹ̀ balùwẹ̀ mi, omi sì wà níbẹ̀. Mo yọ̀, ó di gbì! Mi ò lè dìde mọ́. Títí ilẹ̀ fi mọ́, orí táìsì tútù yẹn ni mo wà, tèmi tìró. Fóònù ń dún ní yàrá, ọmọ mi ló ń pè láti Èkó. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ìyá ẹlẹ́kọ dé, ó pè mí, mo dáhùn, ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn irin nínú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Àdúgbò pé síta, wọ́n ń pariwo "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì," kò sẹ́ni tó lè wọlé. Ìgbà tí wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin ni ẹkún tó gbọ̀n mí.

Ọsibítù ní egungun ò ṣẹ́. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí.

Àwọn ọmọ ní kí n kó wá sí Èkó. Mi ò lọ, ẹ má sì pè é ní oríkunkun. Kí n jókòó sínú fúláàtì lókè, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n títí wọ́n á fi tibi iṣẹ́ dé? N'Ìbàdàn níbí, mò ń se ọbẹ̀ mi fúnra mi, mo sì ń lọ sípàdé ẹgbẹ́.

Ilé la tún ṣe. Wẹ́dà yẹn náà ló ṣe irin tí mò ń dì mú ní balùwẹ̀. Mo tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀. Póò tí mo máa ń kẹ́gàn tẹ́lẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá jí lóru, mo ń jókòó létí bẹ́ẹ̀dì ná, kí òòyì lọ. Fóònù kékeré wà lọ́rùn mi.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Àwọn kan ní ó lè jí nǹkan mi. Kí ló wà nílé mi tó tó ẹ̀mí mi? Àmọ́ bí ẹ bá ti ìdènà láti inú, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò wúlò. Àgádágodo tí ọwọ́ lè dé láti ìta ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ní kí aládùúgbò yẹn dúró síta, kó ṣí i lójú yín.