Ẹ Tún Ẹsẹ̀ Yín Wọ̀n: Ẹ̀kọ́ Tí Bàtà Gogoro Kọ́ Mi

Ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣì wú díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 50 ọdún tàbí tí ẹ ti ń sún mọ́ ọn, nọ́ńbà bàtà tí ẹ ń pè fún ọlọ́jà láti ìgbà ọ̀dọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ tiyín mọ́. Ẹ lọ wọn ẹsẹ̀ yín. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, abẹ́ èyí ló wà.

Kí n tètè sọ ọ́: èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi oge ṣeré. Àtìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń wọ bàtà gogoro, bó ṣe ń ró kòkòkà lórí ilẹ̀ ni àwọn ará ọ́fíìsì fi ń mọ̀ pé mo ti dé. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá sọ pé oge ló kó bá mi. Oge ò ṣe mí ní nǹkan kan. Bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ mi ló ṣe mí.

Ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ọ̀gá wa kan ni. Mo ra bàtà tuntun fún un, aláwọ̀ wáìnì, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Òwúrọ̀ ni mo wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún mi díẹ̀ níwájú. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé e lọ, á fẹ̀ tó bá yá." Nọ́ńbà 39 ni, òun ni mo sì ti ń wọ̀ kí n tó bí àkọ́bí mi. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè?

Nígbà tí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo ń yí ìdí lórí àga, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó tún yá, wọn ò ta mí mọ́ rárá. Mo rò pé ara ti tù mí ni, àṣé ẹsẹ̀ ti kú tipiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú bàtà yẹn rí kúkú mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá. Àtẹ̀gùn tó gorí pèpéle ò ju bíi mélòó kan lọ. Mo gun èkíní, mo gun èkejì. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìkẹta, ó dá mi lójú pé mo ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, etí rẹ̀ ni mo tẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ mi yí sínú, etí mi ni mo fi gbọ́ bó ṣe ró, mo sì fìdí sọlẹ̀ gbì níwájú gbogbo èrò. Ìwé tí mo fẹ́ kà fọ́n káàkiri orí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń lu dùùrù dákẹ́. Ó yẹ kó má dákẹ́ o, torí dídákẹ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn dìde láti wò mí.

Ìrora yẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí n kò lè fara dà ni pé bàtà ò bọ́. Ẹsẹ̀ ti wú kún inú rẹ̀. Mo fà á, kò gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka wa, tí mo máa ń bá wí torí pé kì í ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, òun ló wá kúnlẹ̀ síwájú mi, tó ń rọra mi bàtà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mà." Nígbà tó bọ́, gbogbo wa la rí i: ọmọ ìka tó kéré jù ti wọ abẹ́ ìkejì rẹ̀, etí bàtà ti fa ilà pupa yí ẹsẹ̀ ká, egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ti bó. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn wá sọ pé, "Ṣé màmá ò mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ọmọdé mọ́ ni?" Mo gbọ́ ọ. Mi ò yíjú wò ó, àmọ́ mo mọ ohùn yẹn, ẹni náà á sì ka èyí.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ya àwòrán, kò sí egungun tó ṣẹ́, iṣan ló fà. Yìnyín, báńdéèjì, ìsinmi. Mo ti ń rìn báyìí.

Àmọ́ ẹni tó tọ́jú ẹsẹ̀ mi níbẹ̀ ní kí n dìde dúró lórí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀. Òsì jẹ́ 40 àbọ̀, ọ̀tún jẹ́ 41. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n tún un dúró, kò yí padà. Òun ló wá ṣàlàyé fún mi pé egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn okùn tó so wọ́n pọ̀ máa ń dẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Bí wọ́n bá ti dẹ̀, kòtò àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ á gùn sí i, á sì fẹ̀. Oyún náà lè fi kún un, kó má sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ tún máa ń fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi dà bíi pé ó ti le ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹsẹ̀ mi ti ń dàgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Bàtà tó bá gbà yín láàárọ̀ lè kọ̀ yín nírọ̀lẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀, kí ẹ dúró lé e, ẹ má jókòó. Ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹlòmíì bá yín fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Ẹsẹ̀ tó bá tóbi jù ni kí ẹ fi ra bàtà. Ẹ gé ìwé náà bí ẹ ṣe yà á, kí ẹ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ kì í bọ inú bàtà. Bí etí ìwé bá ká, ẹsẹ̀ yín náà máa ká. Ẹ sì jẹ́ kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà láàárín ọmọ ìka tó gùn jù àti imú bàtà. Ìka tó gùn jù yẹn lè jẹ́ ìkejì o, kì í ṣe àtàǹpàkò nìkan.

Ẹ̀kọ́ kejì, tí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́: ẹ má gba "á fẹ̀ tó bá yá" lẹ́nu ọlọ́jà kankan. Awọ gidi lè fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í gùn. Èyí tí kì í ṣe awọ gidi kì í sábà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí kò bá gbà yín ní ṣọ́ọ̀bù, kò gbà yín nìyẹn.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n kó gbogbo bàtà gogoro dànù, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pẹlẹbẹ látọ̀la. Ìyẹn náà ò dára. Ẹni tó ti ń wọ gogoro fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ lè ti kúrú. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lójijì, iṣan yẹn á máa dùn ún. Ẹ máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Èyí tí mò ń wọ̀ báyìí ní gìgísẹ̀ kúkúrú tó nípọn, ó ní okùn tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó rí i tí kò bèèrè ibi tí mo ti rà á. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ súgà ní tirẹ̀, kó máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, torí bàtà lè bó o kó má mọ̀ ọ́n lára.

Ó ku ti aṣọ. Kò yàtọ̀: ara tí ẹ ní lónìí ni kí ẹ wọn aṣọ fún. Bẹ́líìtì tó há jù lè tẹ iṣan tó lọ sí itan títí ẹ̀gbẹ́ itan á fi máa kú tipiri. Ìgbáròkó ṣòkòtò tó fún ikùn lè ti omi kíkan inú ikùn sókè sí àyà. Ní ti ooru ara tó máa ń bá obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró, láàárín 45 sí 55 ọdún fún ọ̀pọ̀ wa, ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́, kí ẹ fi òmíràn lé e tó ṣeé bọ́ láìsọ ara yín sí ìhòòhò. Ó tán.

Fún àwọn tó máa sọ pé obìnrin tí kò wọ gogoro ti gbàgbé oge: ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nídìí bàtà gogoro. Àwọn agẹṣin Páṣíà fi ń há ẹsẹ̀ mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ ẹṣin, Ọba Louis XIV ilẹ̀ Faransé sì wọ ti gìgísẹ̀ pupa láàfin. Àwọn ọkùnrin bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tó sú wọn, oge wọn ò sì parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, kò sí ìjàǹbá tó ń pa èèyàn tó ìṣubú lágbàáyé, àwọn tó lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èmi á ṣoge títí tí wọ́n á fi sin mí, àmọ́ orí àtẹ̀gùn kọ́ ni mo fẹ́ gbà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń ra bàtà fún ìyá yín láìsọ fún wọn, kí inú wọn lè dùn lójijì, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n dúró lé e. Tí wọ́n bá ní nọ́ńbà àwọn ò yí padà láti ìgbà tí àwọn ti wà lọ́mọge, ẹ má jiyàn. Ẹ sáà fi bírò yí i ká.