Ìgbà wo gan-an ló yẹ ká mú ọmọ lọ fún tẹ́ẹ̀sì dyslexia?

"Bàbá ẹ̀ náà ò tètè mọ̀wé kà, ẹ fi í sílẹ̀ jàre." Ohun tí àwọn ẹbí ọkọ mi máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá yà kí wa ní Bódìjà tí wọ́n bá ọmọ mi kejì nídìí ìwé. Mo mọ̀ pé wọ́n fi ń tù mí nínú ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura, torí dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe ti àìlọ́gbọ́n, máa ń rìn nínú ẹbí. Ọmọ tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti bá ìwé kíkà jà nígbà tí wọ́n wà léwe, tí òun náà wá ń pẹ́, irú ẹ̀ ló yẹ ká tètè yẹ̀ wò, kì í ṣe òun là ń wò níran.

Wàhálà àwa tá à ń ṣe homeschool, tá à ń kọ́ ọmọ fúnra wa nílé, ni pé kò sẹ́ni tó máa bá wa fi ọmọ wé ẹgbẹ́ ẹ̀. Tíṣà tó ní ọmọ púpọ̀ níwájú máa rí èyí tí ò bá wọn rìn. Èmi, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìkan ni mo ní, ìyẹn sì rèé, kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ń ka gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sára mọ́tò Micra àti sára ọ̀rá búrẹ́dì, ta ló fẹ́ fi èèyàn wé irú ìyẹn!

Ṣùgbọ́n ilé náà ló jẹ́ kí n lè wo ẹnu ọmọ kejì yìí dáadáa. Ìwé tó ń kà fún mi geere, ó ti há a sórí ni. Mo da àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ sórí bébà, kò sí àwòrán níbẹ̀, ló bá di pé "horse" ń di "house", "was" ń di "saw", "the" tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà lórí ìlà àkọ́kọ́, nígbà tó fi máa dé ìlà kẹta ó tún ń wò ó bí àlejò. Bẹ́ẹ̀ tí mo bá ka ìtàn kan náà sí i létí, ó máa sọ ọ́ padà fún yín kúlẹ̀kúlẹ̀, kò ní fo nǹkan kan. Lẹ́sìnnì tíṣà kan ló ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ bíi ti báwo?

Ẹ má jẹ́ kí b àti d tó ń pààrọ̀ já yín láyà jù o, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ṣe é títí di bí ọdún méje. Ìró inú ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Mo ní kó pe "bàtà", ó pè é. Mo ní ó yá, yọ b iwájú ẹ̀ kúrò, kí ló kù? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti pariwo "àtà!" láti kíṣìnnì. Òun ní "tà". Mo ní ká lo "ṣíbí", ó ní "bí". Kò lè yọ ìró kan ṣoṣo, odidi sílébù ló ń gé sọnù.

Ẹ jẹ́ kó ka Yorùbá náà tẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọ. Òyìnbó ló ń kọ "ough" inú "cough" àti "though" bákan náà tó wá ń pè é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Yorùbá ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bá ní dyslexia lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣi Yorùbá kà, ṣùgbọ́n á pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló ń dà á láàmú, ó lè jẹ́ pé òyìnbó ọ̀hún ni ò tíì yé e.

Ìgbà wo wá ni? Lójú tèmi, ojú àti etí la kọ́kọ́ máa lọ yẹ̀ wò, UCH ń ṣe méjèèjì, ẹ ṣáà tètè débẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ fi bí oṣù mẹ́fà kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà lójoojúmọ́, ní títẹ̀lé ara wọn, kì í ṣe tí iná bá wà tàbí tí àyè bá yọ. Tí kò bá sún síwájú, ẹ mú un lọ fún tẹ́ẹ̀sì. Tó bá wá wà nínú ẹbí, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà kankan. Wọ́n lè ti yẹ ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà wò fún àmì ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì gidi ló máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti bí ọdún méje sí mẹ́jọ. Ìyẹn ò sì ní kẹ́ ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró de bébà èsì tẹ́ẹ̀sì kankan, torí ìró lẹ́tà yẹn náà ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ni. Àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀, kò sì rọjú. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Special Education, Federal College of Education (Special) sì wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ fẹ́ ṣe IGCSE, ìdánwò girama ti Cambridge, ni kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá: Cambridge lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àfikún àsìkò, àmọ́ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ibi tó ti máa ṣe ìdánwò ló sì máa bá a kọ̀wé béèrè ṣáájú.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá òyìnbó nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé Yorùbá lẹ ń sọ nílé. Ẹ kó ìwé tó ti kọ dání, tèṣí àti tọ̀sẹ̀ tó kọjá, àní èyí tó fà ya tó sì sunkún lé lórí, torí ọmọ homeschool kì í ní ripọ́ọ̀tù káàdì, òun ni wọ́n máa wò.